Bí Sá-fún-àgbò Ṣe Wọ Inú Ìwé Baba

Kàrímọ́tù kì í gbàgbé ọ̀rọ̀. Bí ènìyàn bá tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀ lọ́jọ́ ìgbéyàwó rẹ̀, títí yóò fi bímọ tí ọmọ yóò fi bọ́ lọ́mú, ó ṣì mọ ẹsẹ̀ tí wọ́n tẹ̀, ó sì mọ irú bàtà tí ẹni náà wọ̀. Nítorí náà, nígbà tí Àsíìsì, ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀, dìde láàrin agbo ilé ní Kambolé, tó ní yàrá iwájú ilé wọn tó wà ní Tchamba kò ṣeé fi fún obìnrin, pé àgbàdo ló yẹ kó máa gbé ibẹ̀, Kàrímọ́tù kàn wò ó láti orí dé ẹsẹ̀ bí aránṣọ tó fẹ́ wọn ènìyàn.

Yàrá yẹn ló ti ń fojú sọ́nà fún. Ó pẹ́ tó ti ń ṣiṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù kan ní Komah, ní Sokodé, níbi tí wọ́n ti ń tẹ ìwé, tí wọ́n sì ń yí fáìlì láti oríṣi kan sí òmíràn fún àwọn tó ń kàwé lórí ẹ̀rọ. Ṣọ́ọ̀bù náà kì í ṣe tirẹ̀. Ẹni tó ni ín ló ń jókòó níwájú fáànù. Òun àti Títí, ìyàwó àbúrò ọkọ rẹ̀, ń jókòó lẹ́yìn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri tí oòrùn ń yan. Ṣùgbọ́n yàrá Tchamba kọjú sí ọ̀nà ọjà, iná sì wà níbẹ̀. Bí ó bá lè gbé kọ̀ǹpútà kan síbẹ̀, òun náà á jókòó síwájú fáànù ara rẹ̀.

Baba Yàhàyá, bàbá ọkọ rẹ̀, ló ni ilé náà. Àgbà tó fẹ́ràn àwàdà ni Baba. Ó fi wọ́n sílẹ̀ kí wọ́n jà títí ó fi rẹ̀ wọ́n, ó wá húkọ́, ilé sì pa rọ́rọ́.

"Ẹ̀yin ń fa yàrá," ni Baba wí. "Èmi náà ní ohun tí mò ń fẹ́. Ẹ rántí ìwé mi."

Wọ́n rántí. Olùkọ́ kan láti ìhà Benin, Ọláwálé, ti wá jókòó ti Baba, ó gba ìtàn ilé lẹ́nu rẹ̀, ó sì tẹ̀ ẹ́ di ìwé ní èdè Yorùbá. Baba mọ̀wé Yorùbá kà, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kò gba lẹ́tà kékeré mọ́. Àbídèmí, ọmọ rẹ̀ obìnrin tó wà ní Kutọnú, ló wá ra ẹ̀rọ ìkàwé pẹlẹbẹ kan ránṣẹ́ sí i, irú èyí tí àwọn tó gbọ́ Faransé ń pè ní liseuse. Ọláwálé fi ìwé náà ránṣẹ́ ní PDF. Ìwé dé, ẹ̀rọ dé, síbẹ̀ Baba kò tíì ka ojú ewé kan.

"Ẹni tó bá jẹ́ kí n fi ojú ara mi ka ìwé mi, kí a tó pa ẹran Iléyá," ni Baba wí, "òun ni kó ni yàrá náà. Ó parí."

Àsíìsì rẹ́rìn-ín. Nínú ilé náà, òun ló pẹ́ jùlọ ní lycée, ilé ìwé girama wọn, kì í sì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbàgbé. Lọ́jọ́ yẹn gan-an ló da PDF náà sínú ẹ̀rọ, tó gbé e fún Baba. Lẹ́tà inú rẹ̀ rí bí èèrà tó ń lọ sí ìsìnkú. Baba ní kí wọ́n mú un tóbi. Àsíìsì mú un tóbi, ìlà kọ̀ọ̀kan sì jáde kúrò lójú ẹ̀rọ, àfi kí ènìyàn máa fi ìka wọ́ ọ lọ sí ọ̀tún, kó tún wọ́ ọ bọ̀ sí òsì, kó tó ka gbólóhùn kan tán.

"Àsíìsì," ni Baba wí, "ṣé ìwé ni mò ń kà ni àbí ewúrẹ́ olórí kunkun ni mò ń fà?"

Àsíìsì gbà á padà. Ó wá ibì kan lórí fóònù rẹ̀ tó ń yí PDF padà lọ́fẹ̀ẹ́, ó yí i di EPUB, ó sì tún gbé e dé. Lọ́tẹ̀ yìí lẹ́tà tóbi, ìlà sì ń ká ara wọn bó ṣe yẹ. Ṣùgbọ́n gbogbo lẹ́tà tó ní àmì lórí tàbí nísàlẹ̀ ti pòórá, àpótí kékeré onígun mẹ́rin ló dúró sí ipò wọn.

Baba wò ó pẹ́. "Ta ló ń kọ́ ilé sínú ìwé mi? Fèrèsé rẹ̀ ti pọ̀ jù."

Báyìí ni ẹ̀rọ ṣe dé ọwọ́ Kàrímọ́tù ní Komah. Fàwásì ọkọ rẹ̀, tó ń fi alùpùpù gbé èrò láàrin ìlú, ló gbé e wá fún un.

Iṣẹ́ náà kì í ṣe ohun tuntun lójú rẹ̀. Ó máa ń sọ fún àwọn oníbàárà pé PDF dà bí ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ìṣó kàn mọ́ pákó, pé bí pákó ṣe fẹ̀ tó ni yóò máa fẹ̀ títí láé. EPUB ní tirẹ̀ dà bí omi, igbá tí o bá bù ú sí ló ń bá mu. Ṣùgbọ́n kí a tó yọ ọ̀rọ̀ kúrò lára pákó, ìṣó á ya á díẹ̀. Nọ́ńbà ojú ewé bọ́ sáàrin ọ̀rọ̀ Baba, bí ẹni pé Baba gbé ọkọ́ rẹ̀, ó wá ka iye kan, kó tó lọ sóko. Ìlà já sí méjì níbi tí kò yẹ. Kàrímọ́tù yọ gbogbo ìdọ̀tí wọ̀nyí, ó tún wá irú lẹ́tà tó mọ àmì Yorùbá, ó dè é mọ́ inú ìwé náà, fèrèsé Àsíìsì sì di títì.

Ó ku àyẹ̀wò. Ọ̀nà kan ni wọ́n fi ń ṣe àyẹ̀wò ní ṣọ́ọ̀bù yẹn: ẹnìkan á ka ti inú kọ̀ǹpútà sókè, ẹnìkejì á máa fi ìka tọ ti orí bébà. Títí mú bébà.

"Ìyálé mi, ẹ máa kà á."

Kàrímọ́tù ya ẹnu, ó sì pa á dé. Orúkọ ló kọ́kọ́ pàdé.

Ní Kambolé, ìyàwó kì í pe orúkọ ẹni tó bá nílé ọkọ. Ọmọ jòjòló tí wọ́n bí láàárọ̀ ọjọ́ tí ìyàwó wọlé nírọ̀lẹ́, ọkọ rẹ̀ ni. Orúkọ mìíràn ni ìyàwó ń wá fún wọn. Ìwé Baba sì rèé, orúkọ ló kún inú rẹ̀ bí ẹ̀gúsí inú bàrà: orúkọ Baba, orúkọ bàbá ńlá, orúkọ àwọn ọmọ ọkọ lọ́kùnrin lóbìnrin.

"Ìwọ kà á," ni Kàrímọ́tù wí.

"Èmi kẹ̀? Ṣé ẹ fẹ́ kí ahọ́n mi wú ni? Èmi tí mo wọlé lẹ́yìn yín, àwọn ọkọ tèmi pọ̀ ju tiyín lọ!"

"Ká pe ẹlòmíràn wá?"

"Ta ló gbọ́ Yorùbá níbí? Ọ̀gá wa, èdè Tem ló gbọ́."

Kàrímọ́tù ronú, ó sì rẹ́rìn-ín músẹ́. Kọ̀ǹpútà lè wá orúkọ kan níbi gbogbo tó wà, kó fi òmíràn rọ́pò rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. "A ó fi orúkọ tí àwa ń pè wọ́n rọ́pò. Bí a bá yẹ̀ ẹ́ wò tán, a ó dá tiwọn padà."

"Tí ẹ bá tẹ orúkọ wọn ńkọ́? Ṣé ẹ ò tíì pè é?"

"Ọwọ́ kì í pe orúkọ. Ẹnu ló ń pè é."

Ó tẹ Yàhàyá, ó fi Ikọ́-ṣáájú rọ́pò rẹ̀, nítorí Baba kì í wọ àgbàlá àwọn obìnrin láìkọ́kọ́ húkọ́. Ó tẹ Fàwásì, ó fi Olówó-orí-mi rọ́pò rẹ̀. Ó kan Àsíìsì.

Àsíìsì ní orúkọ méjì. Tojú rẹ̀ ni Akọ̀wé. Tẹ̀yìn rẹ̀ ni Sá-fún-àgbò. Iléyá kan ló ti gbà á. Àgbò já okùn, ó dojú kọ Àsíìsì nínú aṣọ funfun tuntun, Àsíìsì sì gun orí àká àgbàdo, ó jókòó síbẹ̀, ó ń fi Faransé bá àgbò wí. Àwọn ìyàwó ilé kò fi í ṣe ẹlẹ́yà lójú rẹ̀ rárá. Wọ́n kàn sọ ọ́ lórúkọ ni.

"Akọ̀wé lẹ fẹ́ fi sí i, àbí?" ni Títí bi í.

Kàrímọ́tù rántí yàrá tí kò ṣeé fi fún obìnrin. Ìka rẹ̀ ti tẹ Sá-fún-àgbò tán kí Títí tó dákẹ́.

Wọ́n kà á, wọ́n rẹ́rìn-ín títí ọ̀gá fi yíjú kúrò níwájú fáànù. Ohun tó pa wọ́n lẹ́rìn-ín jùlọ ni pé bàbá ńlá tó tẹ ilé náà dó, Àsíìsì lòun náà ń jẹ́. Ara rẹ̀ ni wọ́n ti mú orúkọ náà fún èyí tó wà láyé. Kọ̀ǹpútà kò mọ òkú yàtọ̀ sí alààyè. Bàbá ńlá náà ti di Sá-fún-àgbò.

Kàrímọ́tù yí i di EPUB, ó fi í sínú ẹ̀rọ Baba láti wò ó bóyá lẹ́tà dúró dáadáa. Ó dúró. Ó padà sínú kọ̀ǹpútà, ó dá gbogbo orúkọ padà sí ipò rẹ̀, ó tọ́jú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni Fàwásì fọn fèrè níta. Ó ń lọ sí Kambolé, àgbò kan ń dúró dè é lọ́jà Tchamba, kò ráyè sọ̀ kalẹ̀.

"C'est fini?" ló kígbe ní Faransé, pé ṣé ó ti parí.

"C'est fini!" Kàrímọ́tù fà á lé e lọ́wọ́, ó lọ.

Orúkọ ti padà sínú kọ̀ǹpútà lóòótọ́. Ṣùgbọ́n kò tún un yí di EPUB mọ́. Ìwé ìdánwò ló wà nínú ẹ̀rọ.

Òun àti Títí wọ ọkọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ Iléyá. Wọ́n ti kọjá Tchamba, ọ̀nà Kambolé ń gbé wọn sókè sódò, kí Títí tó bi í léèrè.

"Ìyálé mi, ìgbà wo lẹ tún un yí lẹ́yìn tí a dá orúkọ padà?"

"Lẹ́yìn tí..." ni Kàrímọ́tù wí. Ó di orí mú. "Títí, mo kú."

"Ẹ ò tíì kú o. Ẹ jẹ́ ká débẹ̀ ná."

Nígbà tí wọ́n débẹ̀, àwọn ọkùnrin ti yìdì dé. Gbogbo ilé ti jókòó sábẹ́ igi máńgòrò, àwọn àgbò wà ní síso lẹ́yìn wọn, Àsíìsì sì dúró láàrin pẹ̀lú ẹ̀rọ Baba lọ́wọ́. Ó ti gbà á lọ́wọ́ Fàwásì lójú ọ̀nà pé òun ni àgbà, òun ni yóò fi jíṣẹ́. Fàwásì, tí kò lè wo ojú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kó sọ̀rọ̀, jókòó, ó ń já koríko.

"Baba," ni Àsíìsì ń wí, "ẹ rántí pé mo gbìyànjú lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ̀kẹta rèé. Èmi fúnra mi ni mo fi ọwọ́ mi yí i. Mo jókòó tì í títí ojú fi ń ta mí."

"Gbogbo rẹ̀?" ni Baba bi í.

"Láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Kò sí lẹ́tà kan níbẹ̀ tí n kò fi ojú mi rí."

Ọ̀rọ̀ ń gbóná lẹ́nu Kàrímọ́tù bí iṣu tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lórí iná. Ó fẹ́ kígbe pé iṣẹ́ òun ló jí yẹn. Ṣùgbọ́n ó rántí ohun tó wà nínú iṣẹ́ náà, ó sì rọra jókòó sáàrin àwọn ìyàwó.

"Ó dáa," ni Baba wí. "Kà díẹ̀ sétí ilé ná. Lẹ́yìn náà kí n gbà á."

Àsíìsì gbé ẹ̀rọ sókè bí ẹni fẹ́ ṣe wáàsí.

"'Bàbá ńlá wa, Sá-fún-àgbò, jáde láti ìhà ìlà-oòrùn pẹ̀lú ọkọ́ kan àti ajá kan. Ibi tí Sá-fún-àgbò bá dúró sí, ibẹ̀ ni iṣu ń ta.'"

Ó dúró. Ó tún un wò. Ẹni tó ti lọ lycée kò lè wí láàrin agbo pé nǹkan kan ṣe òun ní kàyéfì.

"Oríkì nìyẹn," ló wí. "Ẹ̀yin ò mọ̀ ọ́n. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ẹnikẹ́ni tó bá rí bàbá ńlá wa, ńṣe ló ń sá, bí ènìyàn ṣe ń sá fún àgbò. Akin ni! Orúkọ kan náà lèmi àti òun sì ń jẹ́."

Títí ki etí gèlè bọ ẹnu. Ìyàwó kan dìde, ó ní òun fẹ́ wo ìkòkò lórí iná. Iná kò sì tíì sí níbẹ̀.

"Máa kà á lọ," ni Baba wí.

"'Nígbà tó yá, wọ́n bí èmi, Ikọ́-ṣáájú...'"

"Wọ́n bí ta ni?"

"Ikọ́-ṣáájú, Baba. Bóyá... bóyá oríkì náà ni."

Baba fẹ́ sọ̀rọ̀, ikọ́ sì gbé e kó tó lè sọ ọ́. Ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ sí í sáré káàkiri agbo bí eku. Ara Àsíìsì kò lélẹ̀ mọ́, ó fẹ́ kà á kó lè tètè tán, ó bá ń sáré kà.

"'Ìyàwó mi bí àkọ́bí mi, Sá-fún-àgbò, lọ́dún tí òjò kò tètè rọ̀. Ọmọ náà sanra, igbe rẹ̀ sì pọ̀. Lẹ́yìn rẹ̀ ló bí Olówó-orí-mi...'"

Ó fi ọwọ́ bo ojú ẹ̀rọ náà. Ó ti pẹ́ jù.

Ìyá Sàúdátù, àbúrò Baba, ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Àsíìsì, ta ló san owó orí rẹ? Wọ́n ṣe ìgbéyàwó yẹn, wọn ò pè mí!"

Agbo tú. Àwọn ìyàwó ṣubú lu ara wọn. "Àkọ́bí Baba! Sá-fún-àgbò!" Àgbò kan ké lẹ́yìn rẹ̀, Àsíìsì sì fò sẹ́gbẹ̀ẹ́ kó tó mọ̀. Ẹni tí kò tíì rẹ́rìn-ín tẹ́lẹ̀, ó rẹ́rìn-ín wàyí.

"Kàrímọ́tù!" ni Àsíìsì ké. "Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ nìyí!"

Kàrímọ́tù dìde láti kúnlẹ̀, kó tọrọ àforíjì. Ṣùgbọ́n Baba gbé ọwọ́ sókè.

"Iṣẹ́ ọwọ́ ta ni?"

Àsíìsì sún sẹ́yìn díẹ̀.

"Mo ní iṣẹ́ ọwọ́ ta ni? Ṣebí ìwọ lo fi ọwọ́ ara rẹ yí i. Ṣebí kò sí lẹ́tà tí o kò fi ojú rẹ rí. Bó bá jẹ́ ìwọ, á jẹ́ pé ìwọ lo jókòó tí o kọ ọ́ fún ayé kà pé o sá fún ẹran. Gba yàrá rẹ, kí ìwé sì dúró bẹ́ẹ̀. Bó bá jẹ́ ẹlòmíràn, dárúkọ ẹni náà."

Kàrímọ́tù ti kúnlẹ̀ dé ìdajì. Ó dúró síbẹ̀. Ó lè sọ ọ́ fúnra rẹ̀, ọ̀rọ̀ á sì parí. Kò sọ ọ́. Ẹnu tó ní yàrá kò ṣeé fi fún obìnrin, ẹnu yẹn náà ló fẹ́ kó sọ ọ́.

Àsíìsì wo ẹ̀rọ. Ó wo àwọn ìyàwó. Ó wo àgbò.

"Òun ni," ló wí.

"Òun ta ni?"

"Kàrímọ́tù ni. Òun ló ṣe gbogbo rẹ̀."

"Mo gbọ́," ni Baba wí. "Mú un wá."

Ó gba ẹ̀rọ, ó mú lẹ́tà tóbi bó ṣe wù ú, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kà, ẹnu rẹ̀ ń mì, láìwọ́ nǹkan kan sọ́tùn-ún sósì, láìrí fèrèsé. Ó yí ojú ewé, ó tún yí òmíràn. Ilé dúró dè é. Ẹni tó mú ọ̀bẹ lọ́wọ́ sọ ọ̀bẹ kalẹ̀.

"Mo rí i," ni Baba wí nígbà tó gbójú sókè. "Ìyàwó wa, yàrá di tìrẹ. Ṣùgbọ́n bàbá ńlá mi kò sá fún ẹran rí. Dá orúkọ rẹ̀ padà kí òkú tó bínú."

"Màá ṣe é, Baba. Ẹ dákun, ẹ má bínú."

"Tèmi ńkọ́? Ikọ́ kí ni?"

"Ikọ́-ṣáájú, Baba."

Baba tọ́ ọ wò lẹ́nu. "Fi tèmi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀."

Yàrá di ti Kàrímọ́tù, ṣùgbọ́n kọ́kọ́rọ́ kò tètè dé. Àsíìsì ní àgbàdo òun tó wà nínú rẹ̀ kò tíì gbẹ. Ó tún ní ìdè ilẹ̀kùn ti dípẹtà. Ó tún ní kọ́kọ́rọ́ sọnù. Kàrímọ́tù kò bá a jà. Ó tún ìwé ṣe, ó dá bàbá ńlá padà, ó dá ọkọ rẹ̀ padà. Àkọ́bí Baba nìkan ni kò fọwọ́ kàn. Ó ní iṣẹ́ ìyẹn gba sùúrù. Baba kì í sì í kàwé sínú mọ́. Gbogbo àlejò tó bá dé, ìbáà ṣe onísòwò tó kọjá ẹnubodè láti Benin, Baba á gbé e jókòó, á ka ibi tí wọ́n ti bí àkọ́bí rẹ̀ sí i létí.

Ọ̀sán kan, Àsíìsì wọ ṣọ́ọ̀bù ní Komah, ó há ẹ̀rọ Baba mọ́ abíyá.

"Ìyàwó wa, tún un ṣe."

"Ẹ káàbọ̀, ọkọ mi. Ẹ jókòó. Kí ni kí n fi síbẹ̀?"

"Orúkọ mi! Èyí tí wọ́n fi sọ mí!"

Kàrímọ́tù fọwọ́ bo ẹnu. "Èmi ìyàwó? Kí n tẹ orúkọ yín? Èèwọ̀."

Títí gbójú sókè láti ẹ̀yìn, ó wo ìyálé rẹ̀ tó ní ọwọ́ kì í pe orúkọ. Ìyálé rẹ̀ kò wò ó padà.

"Fi Akọ̀wé síbẹ̀ nígbà náà."

"Akọ̀wé ti gbó, ọkọ mi. Orúkọ tuntun ló yẹ yín. Mo ti ń wá a, ṣùgbọ́n ọkàn mi kò balẹ̀. Tchamba ló ń dà mí láàmú."

Àsíìsì mí kanlẹ̀. Ó ti ọwọ́ bọ àpò, ó gbé kọ́kọ́rọ́ tó sọnù lé orí tábìlì.

"Àgbàdo ńkọ́?"

"Wọ́n ti kó o jáde láàárọ̀."

Kàrímọ́tù fà á sún mọ́ ara rẹ̀, ó sì dojú kọ kọ̀ǹpútà. Ó wá, ó rọ́pò, ó yí i di EPUB, ó sì rí i dájú pé èyí tuntun gan-an ló wọ inú ẹ̀rọ. Ó fà á fún un. Àsíìsì gbé e sún mọ́ ojú, ẹ̀rù bà á díẹ̀, ó kà á: Fọwọ́-ara-rẹ̀-ṣílẹ̀kùn.

Ó tún un kà. Ojú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í là. "Orúkọ olóore nìyí. Orúkọ onínúure."

"Ó bá yín mu, ọkọ mi."

Ó jáde, ó ń sọ ọ́ lẹ́nu bí ẹni jẹ ẹran aládùn. Ọmọ Kambolé kan tó ń fi alùpùpù gbé èrò dúró fún un lẹ́nu ọ̀nà. Àsíìsì kò lè mú un mọ́ra.

"Àwọn ìyàwó wa ti fún mi lórúkọ tuntun," ló wí bó ṣe ń gun alùpùpù lẹ́yìn ọmọkùnrin náà. "Fọwọ́-ara-rẹ̀-ṣílẹ̀kùn!"

"Ó dùn o, ẹ̀gbọ́n," ni ọmọkùnrin náà wí. "Ilẹ̀kùn wo?"

Àsíìsì gbá a lẹ́jìká. "Wa alùpùpù rẹ, jọ̀ọ́."